Èsúsú Ìyá Wa àti Owó Ẹ̀yá Òde Òní

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí owó kékeré tí a ń yá àwọn obìnrin kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Badagry kọjá, láti Mile 2 dé Agboju àti ẹnu ọ̀nà Festac, yóò rí àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́bàá títì. Yóò rí àwọn obìnrin tó ń ta ẹja yíyan, àti àwọn tó ń ta gàrí àti èlùbọ́. Nígbà tí ìjọba kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé ti 1977, ibùwọ̀ àwọn àlejò ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àlejò lọ, onílé wọlé, onílé sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn obìnrin wọ̀nyí wà lára àwọn tó ń bọ́ ìlú náà títí di òní.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa olùkọ́ àgbẹ̀ ní Amùwó-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe ti ajílẹ̀ àti kòkòrò nìkan. Wọ́n á ní: "Àwọn kan fẹ́ yá wa lówó. Ṣé ká gbà á?" Ìbéèrè yìí kọjá ohun tí a lè fi "ẹ gbà á" tàbí "ẹ má gbà á" dáhùn. Owó ẹ̀yá ti gbé ọ̀pọ̀ obìnrin dìde, ó sì ti ba ti àwọn mìíràn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn rẹ̀ wò, kí a lè mọ ohun tó fa ìyàtọ̀.

ÌWỌ̀FÀ ÀTI ÒGÒ

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ńlá a máa fi ènìyàn dúró. Ẹni tí a fi dúró náà ni ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lóko tàbí nílé olówó ni èlé. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, iṣẹ́ náà kò dín ojú owó kù. Bí wọ́n bá yá owó náà fún ìsìnkú tàbí fún ẹjọ́, tí kò sí òwò tí yóò bí owó padà, ọmọ ẹni lè dàgbà sílé olówó. Ọmọbìnrin wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fi ṣe ìwọ̀fà.

Bí gbèsè bá pẹ́ nílẹ̀, a máa ń rán ológò sí onígbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é. Ológò yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa pariwo mọ́ ọn, yóò sì máa pa adìẹ àti ẹran tó bá rí nínú agbo ilé jẹ, títí wọn yóò fi wá owó náà. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹ rántí ológò yìí o, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

ÈSÚSÚ ÀTI ALÁJỌ

Ṣùgbọ́n àwọn baba àti ìyá wa ní ọ̀nà mìíràn tí kò ní èlé nínú. Johnson kan náà kọ nípa èsúsú. Àwọn ènìyàn tó mọ ara wọn yóò fẹnu kò sórí iye kan, olúkúlùkù yóò dá a ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹnìkan yóò sì kó gbogbo rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí obìnrin 12 bá ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, ẹni tó kan yóò kó ₦60,000, títí yóò fi kárí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kó kẹ́yìn fi owó pamọ́ sọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ni ayánilówó, gbogbo wọn ni ayáwó. Wọn kò béèrè ìwé ilé, wọn kò béèrè ìwé ilẹ̀. Ìwà ni ohun ìdúró.

Ètò yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi gbé e dé òkè òkun. Ní Trinidad, "susu" ni wọ́n ń pè é títí di òní; ní Bahamas, wọ́n ń pè é ní "asue". William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ láàárín 1937 sí 1938, kọ àkọsílẹ̀ lórí èsúsú tó jáde ní 1952. Ó fi hàn pé ètò owó gidi ni, tó ní olórí, tó ní òfin.

Àjọ ni ti àwọn tí wọ́n ń rí owó díẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́. Alájọ yóò máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Bí ìyá kan bá ń dá ₦200 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, alájọ yóò san ₦5,800 fún un, yóò sì fi owó ọjọ́ kan ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀. Alájọ tó gbajúmọ̀ jùlọ ní Èkó ni Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Títí di òní, bí a bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú.

Èsúsú àti àjọ náà ní àléébù tiwọn. Ojúmọ́ òjò lè mọ́, kí àkókò gbíngbìn dé, kó má sì tíì kan ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kó lè sá lọ. Bí ọjà bá sì ń wọ́n sí i, owó ẹni tó kó kẹ́yìn kò ní ra ohun tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá owó tó ju ti èsúsú lọ.

ÌJỌBA DÁ SÍ I

Ní 1934, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. F. Strickland kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba lórí bí a ṣe lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Báńkì Alájẹṣẹ́kù ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Báńkì Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973.

Iṣẹ́ rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò gba obìnrin kọjá dáadáa. Oko kòkó ni ohun ìdúró, orúkọ ọkùnrin ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ oko. Báńkì ńlá ń béèrè ìwé ilé. Obìnrin tó ń yan ẹja létí omi kò ní ìwé kankan. Owó tó ń fẹ́ kò tó ohun tí báńkì fẹ́ jókòó kọ sínú ìwé. Ó di kó lọ bá ẹlẹ́lẹ́ẹ́, tí ogún náírà ń di ogójì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní sọgúndogójì nìyẹn.

LÁTI BANGLADESH DÉ AJÉGÚNLẸ̀

Àwa nìkan kọ́ ni ìṣòro yìí bá. Ní 1974, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ọwọ́ ní Ahmedabad, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, da owó tiwọn jọ, wọ́n sì dá báńkì tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ SEWA, èyí tí Ela Bhatt ṣe olórí rẹ̀. Ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ yunifásítì kan ní Bangladesh, rí i ní abúlé Jobra pé àwọn obìnrin tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yá wọn lówó ọparun ni. Ìwọ̀fà ni, bí a bá fojú tiwa wò ó. Nígbà tó ṣe ìṣirò gbèsè ènìyàn 42 ní abúlé náà, gbogbo rẹ̀ kò ju dọ́là 27 lọ. Ó fi owó ara rẹ̀ san án. Láti inú èyí ni Grameen Bank ti jáde ní 1983. Àwọn ayáwó yóò kóra jọ ní márùn-ún márùn-ún, wọn yóò máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 2006, Yunus àti báńkì náà gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà.

Nílé wa níbí, Olóyè Bisi Ogunleye dá ẹgbẹ́ COWAN sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ìgbèríko ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1982. Orí àṣà ìfowópamọ́ tí àwọn ìyá wọ̀nyí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbé e lé. Ní 1987, Godwin Ehigiamusoe bẹ̀rẹ̀ LAPO ní Ogwashi-Uku, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká.

Èyí tó súnmọ́ wa jùlọ ni Báńkì Aráàlú, tí a mọ̀ sí People's Bank. Láti 1986 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò SAP ni náírà ti ń wálẹ̀, tí ìyà sì ń jẹ mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kẹwàá 1989, ìjọba ṣí Báńkì Aráàlú ní Ajégúnlẹ̀, tí kò jìnnà sí Amùwó rárá. Tai Solarin, olùkọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹni tí kì í jẹ owó ìlú, ni wọ́n fi ṣe alága. Wọ́n wo ti Bangladesh ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni tí kò ní ilé, tí kò ní mọ́tò, lè wọ báńkì kó sì yá owó òwò. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni.

Kí ló wá ṣe báńkì náà? Owó ìjọba ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe owó tí àwọn ayáwó fi pamọ́. Àwọn kan sì gbà pé owó ìjọba jẹ́ ìpín tiwọn nínú ọrọ̀ ìlú, wọn kò rí i bí gbèsè. Ọ̀wọ́n ọjà náà tún dé. Ní 1995, ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tí ayáwó bá san padà lẹ́yìn ọdún kan kò tún lè ra ohun tó rà nígbà tó jáde. Ní 2000, ìjọba da Báńkì Aráàlú pọ̀ mọ́ Báńkì Àgbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2018 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ TraderMoni, tí wọ́n ń yá oníṣòwò kékeré ní ₦10,000 láìsí èlé. Ọ̀pọ̀ gbà á bí ẹ̀bùn, wọn kò sì san án padà. Àwọn àgbà ní, yíyá ẹgbẹ̀fà tí a kò san, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ẹni tí kò san ₦10,000 ti dínà èyí tó tóbi jù ú lọ fún ara rẹ̀ àti fún aládùúgbò rẹ̀.

BÁŃKÌ KÉKERÉ ÀTI OLÓGÒ TUNTUN

Ní 2005, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé òfin kalẹ̀ fún àwọn báńkì kékeré tí ń yá mẹ̀kúnnù lówó, wọ́n sì fún àwọn báńkì àdúgbò tó ti wà láti 1990 ní àkókò títí di ìparí 2007 láti yí padà di irú rẹ̀. Báńkì wọ̀nyí pọ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló dúró. Ní 2010, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ báńkì kékeré 224. Ní 2023, ó tún gba ti 132.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iye tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń náni. Ká ní wọ́n yá ìyá kan ní ₦50,000, kó máa san ₦2,500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àpapọ̀ ohun tí yóò san jẹ́ ₦60,000. Lójú, èlé náà dà bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò di ₦50,000 mú fún ọ̀sẹ̀ 24. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá a padà. Bí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ìdajì owó náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. ₦10,000 ló sì san lórí nǹkan bí ₦25,000. Èyí jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù tí kò tó mẹ́fà. Bí wọ́n bá tún yọ ₦5,000 sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìpamọ́ àti owó fọ́ọ̀mù, ₦45,000 péré ló gbé délé.

Ǹjẹ́ òwò kan wà tó lè gbé e? Ó wà. Ìyá tó ń ra ẹja tútù lọ́jọ́ Ajé, tó yan án, tó sì tà á tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lè rí èrè tí yóò fi san án, nítorí owó rẹ̀ ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí a tó já a. Bí olóko tẹ̀tẹ̀ bá gba owó yìí, yóò ti san ₦10,000 kí ó tó ta ìdì kan. Níbo ni yóò ti rí i? Láti inú owó náà gan-an ni. Ti ẹlẹ́ja inú adágún tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ ń lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó tó tà. Yóò ti san gbogbo owó náà tán, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán, kí ó tó ta ẹja kan. Láti san èyí, yóò yá òmíràn. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bímọ.

Nígbà tí kò bá rí owó san mọ́, ológò yóò dé. Láyé òde òní, ó lè jẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí wọn yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nítorí pé wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ó sì lè jẹ́ ayánilówó orí fóònù tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan rẹ̀. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí àṣejù wọn. Ọ̀nà ti yí padà, ìtìjú náà kò yí padà.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2015, àbọ̀ ìwádìí mẹ́fà jáde pọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Íńdíà, Ethiopia, Morocco, Mexico, Mongolia àti Bosnia. Wọ́n rí i pé owó ẹ̀yá kékeré ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò, ó sì fún ènìyàn láyè láti yan bí yóò ti ṣètò owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ayáwó pọ̀, owó tó ń wọlé fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Owó ẹ̀yá jẹ́ irinṣẹ́ bí ọkọ́. Ọkọ́ kì í sọ ẹni tí kò ní ilẹ̀ di àgbẹ̀.

OHUN TÍ ÌTÀN KỌ́ WA

Bí a bá to gbogbo èyí pọ̀, a ó rí i pé níbi tí owó ti gbé obìnrin dìde, ìfowópamọ́ ló ṣáájú, àwọn tó mọ iṣẹ́ ara wọn ló pa pọ̀, ọjọ́ sísan sì bá ọjọ́ títà mu. Nítorí náà:

1. Ẹ fi owó pamọ́ kí ẹ tó yá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹgbẹ́ tó bá ti dá owó fún oṣù mẹ́fà láìyẹ̀ ti mọ ẹni tó ṣe é yá lówó.

2. Ẹ béèrè ọjọ́ sísan kí ẹ tó béèrè iye owó. Bí irè oko yín bá ń gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àyè títí di ìkórè. Bí wọn kò bá gbà, owó náà kì í ṣe ti oko. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa lè ṣe òfin bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

3. Ẹ kọ gbogbo iye tí ẹ ó san sílẹ̀: èlé, fọ́ọ̀mù, owó ìpamọ́, owó ìjìyà bí ọjọ́ bá kọjá. Ẹ ṣe ìṣirò náà nílé, kì í ṣe níwájú ẹni tó fẹ́ yá yín.

4. Ẹ má fi owó òwò ṣe ìnáwó. Owó tí a yá fún ìsìnkú ló ń sọ ọmọ di ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Kí ẹgbẹ́ ní àpò kékeré lọ́tọ̀ fún àìsàn àti òfò, kí ẹni tí omi kún oko rẹ̀ má baà di ẹni ìtìjú.

5. Ẹ mọ ibi tí owó ìpamọ́ yín wà. Láti 2024, bí báńkì kékeré tó ní ìwé àṣẹ bá wó, àjọ NDIC lè san owó tí ẹnìkan fi síbẹ̀ padà títí dé ₦2,000,000. Ààbò yìí kò dé ọ̀dọ̀ alájọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nítorí náà, kí ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ wà ní gbangba, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpàdé.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí ìyàwó yín bá yá owó òwò, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọn yóò wá. Èrè òwò rẹ̀ ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹni tó bá jẹ owó òwò ìyàwó rẹ̀ jẹ irúgbìn ni.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó bá tún bi wá pé ṣé kí òun gba owó, àwa náà yóò bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Èló lo ti fi pamọ́? Ọjọ́ wo ni ẹ̀fọ́ rẹ yóò tó já? Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í san? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, kó gba owó náà, kó sì fi ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá bára mu, kó padà sínú èsúsú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Owó èsúsú kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní èlé.

Ẹ jíròrò ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín, kí akọ̀wé sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀. A ó tún máa bá ara wa sọ̀rọ̀.